Nauru: ẹgbẹ́ òṣèlú kò lágbára níbẹ̀, síbẹ̀ ìjọba ń ṣubú

Sí Olóòtú,

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú ti sú lè tọ́ka sí Nauru, erékùṣù kékeré inú òkun Pàsífíìkì tí àwọn ará ibẹ̀ kò ju bí 12,000 lọ. Ọ̀pọ̀ aṣòfin wọn ló ń dá dúró díje, láìsí àsíá ẹgbẹ́ kankan. Òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹn ò fẹsẹ̀ ìjọba ibẹ̀ múlẹ̀ o.

Ẹ wo ìwé ìdìbò wọn ná. Láti 1971 ni wọ́n ti ń ka ìbò lọ́nà tí Desmond Dowdall, ọmọ Ireland tó ń bójú tó ètò ìdájọ́ wọn nígbà náà, là kalẹ̀. Olùdìbò gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà sí iwájú gbogbo olùdíje. Bó bá fo ẹyọ kan, ìwé náà di òfo. Ipò kìíní jẹ́ máàkì 1, ipò kejì ìdajì, ìkẹta ìdá kan nínú mẹ́ta, títí dé ìsàlẹ̀. Ká ní èèyàn 500 dìbò fún olùdíje márùn-ún. Bí 200 bá fi A ṣe ìkíní, tí 300 yòókù fi í ṣe ìkarùn-ún, 260 ni máàkì rẹ̀. B tí 100 péré fi ṣe ìkíní, tí 400 sì fi ṣe ìkejì, ní 300. B ti borí. Ẹni tó bá so ara rẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan ti lé ìbò ìkejì àwọn tó kù sẹ́yìn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ òṣèlú kì í ti í ráyè dàgbà, kì í ṣe pé ọwọ́ wọn mọ́ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ilé aṣòfin ni wàhálà wà. Àwọn aṣòfin ló ń yan ààrẹ láàárín ara wọn, ìdajì iye wọn sì tó láti yọ ọ́. Bí wọn ò bá rí ààrẹ mìíràn yàn láàárín ọjọ́ méje, ilé tú ká. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè pe aṣòfin tó sọdá lẹ́jọ́.

Ní 2010, ilé tó ní aṣòfin 18 pín sí mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án. Abẹnugan kì í dìbò àfi tí ìbò bá dọ́gba, nítorí náà ìhà tó bá fi èèyàn rẹ̀ sílẹ̀ fún ipò náà á di mẹ́jọ. Ta ló fẹ́ bẹ́ẹ̀? Wọ́n dìbò ní April, wọ́n tún un dì ní June, kò yanjú. Ó di November kí Ludwig Scotty, ààrẹ àná, tó gbà láti jẹ́ Abẹnugan, kí wọ́n tó padà yan Marcus Stephen sípò ààrẹ.

Wọ́n fi ìjókòó kan kún un, ó di 19 láti ìbò 2013. Síbẹ̀, ní October 2023, ilé yọ Ààrẹ Russ Kun, David Adeang sì gba ipò rẹ̀, láìsí pé aráàlú dìbò kankan.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn