Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Àgọ́ Ọ̀gbìn Tí Ẹ Tà Fún Mi Ń Se Ẹ̀fọ́ Mi Lóòyẹ̀

Lawanson, Sùúrùlérè,
Èkó.
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́.

Ọ̀gá mi,

ÀGỌ́ Ọ̀GBÌN, FÁÀNÙ ÀTI Ẹ̀RỌ OLÓMI TÍ MO RÀ LỌ́WỌ́ YÍN: MO FẸ́ GBA OWÓ MI PADÀ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò ní fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn. Àwọn ọmọ yín tó ń dáhùn lórí WhatsApp mọ ohun tó wà nílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n kàn ń ti mí sọ́tùn-ún sósì ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, kó lè dé ọwọ́ ẹni tó láṣẹ láti dá owó padà.

Oṣù Kejì ni mo ra àgọ́ náà, àgọ́ aláṣọ tí wọ́n ń gbin nǹkan sí nínú ilé lábẹ́ iná, èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80 sí 80, tó sì ga ní 160. Ẹ kó iná LED, fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, páìpù rírọ̀ aláwọ̀ fàdákà àti àsẹ́ èédú mọ́ ọn. ₦385,000 ni gbogbo rẹ̀, owó tí mo tu jọ nínú sàláàdì tí mò ń tà fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Marina. Kí n tó sanwó, mo ṣàlàyé fún ọmọ yín tó tajà fún mi pé lẹ́túùsì ni mo fẹ́ gbìn, pé yàrá ẹ̀yìn ni àgọ́ náà máa wà, pé kò sí AC níbẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì máa ń kan ògiri rẹ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó ṣí ìwé ìpolówó yín, ó fi ìka tọ́ ibi tí ẹ kọ ọ́ sí pé fáànù yẹn á mú inú àgọ́ dúró sórí dígírì 24, bó ti wù kí ooru Èkó mú tó. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Orí ìlà kan yẹn ni mo fi owó mi lé.

Kí n má gbàgbé: ẹnì kan nínú àwọn tó ń gbé fóònù yín bi mí, tẹ̀ríntẹ̀rín, pé, “Màmá, irú ewé wo gan-an lẹ ń gbìn?” Lẹ́túùsì ni, pẹ̀lú ẹfinrin àti míǹtì díẹ̀. Bí àwọn NDLEA tó ń mú onígbó bá fẹ́, kí wọ́n wá, màá bù sàláàdì fún wọn.

Ẹni tó bá ń ra lẹ́túùsì l'Ékòó mọ ohun tó lé mi débẹ̀. Láti Jos ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Bí ọkọ̀ bá fi lè pẹ́ lójú ọ̀nà, kó tó dé Mile 12, ewé òde á ti rọ, ti inú á ti máa yọ̀, síbẹ̀ iye owó rẹ̀ ò ní yẹ̀. Mo ní kí n máa rí díẹ̀ já nílé láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bá fẹ́ tà á.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo rí. Ní ọ̀sán oṣù Kẹta, tẹmómítà tó wà lára ògiri yàrá ka 31. Èyí tó wà nínú àgọ́ ka 38. Fáànù ń sáré tagbáratagbára nígbà yẹn, ariwo rẹ̀ ń dé pálọ̀. Irúgbìn lẹ́túùsì kì í fẹ́ hù bí ilẹ̀ bá ti gbóná kọjá nǹkan bíi dígírì 30, torí náà ọ̀pọ̀ ò yọjú rárá. Àwọn tó hù ò ká ewé jọ. Àárín wọn na ọ̀pá gbọọrọ sókè, ó fẹ́ yọ òdòdó. Mo ṣẹ́ ewé kan, oje funfun sun jáde lẹ́nu ibi tí mo ti ṣẹ́ ẹ, mo fi kan ahọ́n, ó korò bí ewúro. Ẹni tó wá ra sàláàdì ní Marina ò wá ra ewúro. Àwọn tí mo gbìn sínú omi burú ju ìyẹn lọ. Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni atẹ́gùn ọ́síjìn inú rẹ̀ tí gbòǹgbò ń mí ń dín: ní dígírì 20, lítà kan lè gba mílígíráàmù 9, ní 30 kò ju 7 àbọ̀ lọ. Gbòǹgbò tó yẹ kó funfun pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, mo fọwọ́ fà á, awọ rẹ̀ bó sí mi lọ́wọ́, okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ nìkan ló kù. Òórùn rẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ.

Àbúrò mi kan ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní físíìsì. Ó fìdí kalẹ̀ síwájú àgọ́ náà, ó gba bébà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bó ṣe tò ó fún mi. Iná LED yín ń jẹ 200 wáàtì, mítà tí a fi sẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ka bẹ́ẹ̀. (Orí páálí, 1000 lẹ kọ. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí, torí ká ní 1000 ni lóòótọ́, bóyá iná ì bá ti ràn mọ́ kọ́tìnì.) Gbogbo iná tó bá wọ inú àgọ́, ooru ló ń dà gbẹ̀yìn. 200 wáàtì fún wákàtí kan jẹ́ 720 kìlójúùlù. Kí kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan tó fi dígírì kan gbóná sí i, á gba nǹkan bíi kìlójúùlù 1.2. Ara fáànù yín, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń fa kúbíìkì mítà 190 ní wákàtí kan. Ẹ pín in fúnra yín: dígírì mẹ́ta àti díẹ̀ ni inú àgọ́ á fi gbóná ju yàrá lọ, bí fáànù bá ń ṣe gbogbo ohun tí ẹ kọ sí i lára. Yàrá 31, àgọ́ 34. Ọ̀nà wo ni 24 fẹ́ gbà wọlé?

Fáànù kì í ṣe AC, ọ̀gá mi. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń fà wọ inú àgọ́, ibi tí yàrá bá gbóná dé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú tí yàrá wọn wà ní dígírì 20, ohun tí ẹ tà yìí lè dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á l'Ékòó, tí ẹ̀yin náà ń sùn nínú ooru Èkó, ẹ mọ̀ pé yàrá kankan ò sí níbí tó wà ní 20 láìsí AC.

Tiwa ò tiẹ̀ tún dúró lórí mẹ́ta, ó di dígírì méje. Ìyẹn ni pé nǹkan bíi kúbíìkì mítà 86 ní wákàtí kan ni fáànù ń fà, kò tó ìdajì ohun tó wà lára rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ò fara sin. 190 tí ẹ kọ yẹn, ìgbà tí kò sí ohunkóhun lẹ́nu rẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ fi àsẹ́ èédú dí i lẹ́nu, oníṣẹ́ yín tún ká páìpù lọ́lọ́ọ́lọ́, ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Àsẹ́ èédú, òórùn ló ń gbà. Kí ni lẹ́túùsì fẹ́ fi ṣe? Àfi kó jẹ́ pé irú oníbàárà tí ọmọ yín orí fóònù ń rò ni ẹ dìídì kó o jọ fún.

Èyí tó dùn mí jù ni ti oníṣẹ́ tí ẹ rán wá. Àárín yàrá kan náà ló kọ ẹnu páìpù sí. Ooru tí fáànù bá tú jáde nínú àgọ́, ihò ìsàlẹ̀ àgọ́ tún ń gbà á wọlé, ooru kan náà ń yí po títí yàrá fi ń gbóná ju òde lọ. Fèrèsé lúfà sì wà níbẹ̀ tó ń wò ó. Mo gbà kí ẹ fi owó iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìṣirò yín nígbà yẹn, torí mo rò pé ó mọ iṣẹ́ ni.

Èmi fúnra mi ni mo yọ dígí fèrèsé méjì, tí mo na páìpù gbọọrọ jáde síta, tí mo yọ àsẹ́ èédú dànù, tí mo tú àpótí kékeré tó ń fún LED lágbára kúrò lórí iná, tí mo gbé e sẹ́yìn àgọ́. Àgọ́ bọ́ sí 35 lọ́sàn-án. Mo wá yí táímà padà kí iná máa tàn láti aago mẹ́jọ alẹ́ di mẹ́jọ àárọ̀, nígbà tí yàrá bá ti rọlẹ̀ sí 27. Ó wá ń ka 30 lóru. Ẹfinrin àti míǹtì gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ṣe dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ yín. Lẹ́túùsì kọ̀. Gbogbo ohun tí mo ṣe yìí, kò sí èyí tó gba owó. Ẹ lè sọ wọ́n fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Dípò ìyẹn, ẹ tún ta ẹrù míì fún mi. Ẹ ní kí n ra ẹ̀rọ olómi tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù, ₦95,000. Bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé omi á máa gbẹ lára páálí inú rẹ̀, gbígbẹ omi náà ló ń gba ooru. Nígbà ọyẹ́ ní Kano, á tutù gan-an. Èkó tó jẹ́ pé òkun níwájú, ọ̀sà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti mu omi yó kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ dé. Kò bù tó dígírì méjì kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin inú àgọ́ fò sókè di 93 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí omi ò lè gbẹ lára ewé mọ́, gbòǹgbò náà ò fa omi tuntun sókè bó ṣe yẹ, kálísíọ̀mù tó ń bá omi gòkè ò sì dé etí àwọn ewé kékeré inú. Etí wọn jóná, ó dúdú, ó wá ń yọ̀.

Ẹ gbọ́ èsì tí wọ́n ń fún mi. Ẹnì kan ní abẹ́ iná ni tẹmómítà mi wà, pé ìyẹn ló fi ń ka gíga. Mo fi páálí bò ó lórí, iye náà ló kà. Ẹlòmíì ní kí n máa gbé yìnyín sínú àgọ́. Kílò yìnyín kan tó bá yọ́ tán, kìlójúùlù 334 ló gbà, iná yín sì ń tú 720 dà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ju kílò méjì lọ ní wákàtí kan nìyẹn, kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀, a ti ń sọ̀rọ̀ kílò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Fíríìjì tó máa dì í, inú ilé mi náà ló máa tú ooru tirẹ̀ sí. Ẹni ìkẹyìn ní, “Màmá, ẹ ò ṣe kúkú ra AC?” AC 1 HP tó bá ń jẹ 0.8 kìlówáàtì, tó ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá láìsinmi, lórí Band A, ìpele àwọn tí iná ọba ń pẹ́ lọ́dọ̀ wọn jù, tí yúníìtì kan ti lé ní ₦200 láti oṣù Kẹrin 2024, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦2,000 lóòjọ́. Sàláàdì wo ni mo fẹ́ tà tó máa san ìyẹn?

Lórí rìsíìtì yín, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọjà tí ẹ bá ti tà, ẹ kì í gbà á padà. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, ní abala 122, sọ pé bí oníbàárà bá ti sọ ohun tó fẹ́ fi ọjà ṣe fún ẹni tó tà á, tí ọjà náà ò sì lè ṣe é, ó lè dá a padà láàárín àkókò tó bójú mu, kó sì gba owó rẹ̀ pé. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ yín wà lórí WhatsApp, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ohun tí ẹ kọ sórí rìsíìtì ò borí òfin.

Ohun tí mo ń fẹ́ nìyí. Ẹ dá ₦480,000 padà sínú àkáǹtì tí mo fi sanwó, kí ẹ sì wá kó ẹrù yín. Bí ẹ ò bá fẹ́ ìyẹn, mo lè fi àgọ́ nìkan sílẹ̀ fún ẹfinrin: ẹ gba ẹ̀rọ olómi, àsẹ́ èédú àti fáànù padà, ẹ gbé fáànù oní-ínṣì mẹ́fà wá àti iná tó ṣeé dín kù, kí ẹ dá owó ẹ̀rọ olómi àti owó àsẹ́ padà fún mi pé. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni o, mi ò gba ẹ̀dínwó lórí ọjà míì. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yọ dígírì 24 yẹn kúrò nínú ìwé ìpolówó yín.

Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ yín. Lẹ́yìn ìyẹn, LASCOPA, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni màá gbé ìwé náà lọ, pẹ̀lú rìsíìtì méjèèjì àti fọ́tò tẹmómítà.

Bí ẹ bá ń bọ̀ wá kó o, ọjọ́ Sátidé ni kí ẹ wá, lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Òkè àjà kẹta ni mo wà, kí ẹni tí ẹ máa rán wá mú ẹnìkejì dání, torí mi ò ní bá a gbé e sọ̀kalẹ̀.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, onísàláàdì Lawanson.