Ta Ni Yóò Po Ẹ̀kọ fún Ọ?

Wálé, Àkànní ọmọ mi,

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé e. Àbúrò màmá ẹ tó sùn sọ́dọ̀ ẹ ní Peckham, ní London, ti dé. Ó ní ìkòkò kan ṣoṣo tó wà nílé ẹ, aláǹtakùn ti takùn sínú ẹ̀, páálí adìyẹ díndín àti ọ̀rá Indomie ló kún ilẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in. Bí ibà bá dá ọ dùbúlẹ̀ lọ́hùn-ún, ta ni yóò po ẹ̀kọ fún ọ?

Ewúrẹ́ wa bí méjì. Iná ò sí láti ọjọ́ Àìkú.

Má sọ fún mi pé kò sí oúnjẹ wa níbẹ̀. Ìwọ fúnra ẹ lo sọ pé èlùbọ́, ẹ̀wà, ata rodo, títí dé orí ìgbín, wọ́n ń tà á ní Rye Lane. Ọkùnrin ẹni ọdún 31! Ata tó o bá lọ̀, kọ́kọ́ sè é kí omi ẹ̀ gbẹ kó o tó da òróró sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ni yóò máa kan. Ìrẹsì tó bá ṣẹ́kù, má fi sórí sítóòfù mọ́jú, ó ń dá inú rú. Ẹ̀wà ò le: ṣà á, fọ̀ ọ́, gbé e kaná. Màmá ẹ kì í fi iyọ̀ sí i àfìgbà tó bá rọ̀.

Mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n sè. Ọmọ ọdún 8 ni ọ́ lọ́jọ́ tó ò ń bá màmá ẹ ṣa ẹ̀wà tí mo fi igbe lé ọ jáde: “Ṣé obìnrin ni ọ́ ni?” O ò padà síbẹ̀ mọ́. Màmá ẹ ò fèsì. Àtẹ ẹ̀wà yẹn ló ń wò.

Nígbà àìsàn tó mú un lọ, ẹ̀kọ gbígbóná nìkan ló ń wù ú. Èyí tí mo bá rà níta á ti tutù kí n tó délé. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ní kí n pò ó fúnra mi. Omi tí mo dà sí ògì ò tíì hó, ẹ̀kọ ò dì, ó ṣàn bí omi ìfọbọ́. Ó mu ún tán. Ó ní, “Bàbá Wálé, ó dùn.”

Kò dùn, Àkànní.

Ìyá ẹlẹ́kọ ìsàlẹ̀ àdúgbò ló wá ń kọ́ mi báyìí, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àmàlà tí mo rò lánàá ní kókó. Mo jẹ ẹ́ tòun ti kókó ẹ̀.

Owó tí o ò fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi ra ìkòkò. Tó o bá rí ògì rà, fi omi tútù díẹ̀ pò ó, kó o wá pè mí kó o tó da omi gbígbóná sí i. Kó hó yaya o! Bó o ṣe ń dà á ni kó o máa rò ó. Ó ti ń dì fún mi báyìí.

Èmi ni,
Bàbá ẹ.