Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà lábẹ́ ewé ká tó fín oògùn

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan tí oko wa jọ pààlà gbé ewé tòmátì wá bá mi. Ewé náà ti pọ́n rúsúrúsú, òwú bíi ti aláǹtakùn sì so ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ń ta oògùn oko ti ta ìgò mẹ́ta fún un. Bó ṣe ń fín in ni kòkòrò tó wà lábẹ́ ewé náà ń pọ̀ sí i.

Kò yà mí lẹ́nu. Ọdún 26 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kòkòrò n'Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni kòkòrò yìí ní, ẹbí aláǹtakùn ni. Ọ̀pọ̀ oògùn tí à ń fín sí kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kì í ràn án. Àwọn tó ń pa á jẹ ló ń kú dípò rẹ̀.

Àmọ́ èwo nínú irú wọn gan-an ni? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Tetranychus evansi, tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ Áfíríkà, tó fẹ́ràn tòmátì, ikàn àti ẹ̀fọ́ odù, jọ irú mìíràn, Tetranychus urticae, débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n. Abo wọn kò ṣeé gbára lé láti fi dá wọn mọ̀. Akọ là ń wá: ó kéré sí abo, ìdí rẹ̀ sì ṣóńṣó. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín la fi ń gbé e sórí gíláàsì, a ó wá fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí tó bá dojú bolẹ̀, a ò ní rí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ dáadáa. Bí orí nǹkan ọ̀hún ṣe tẹ̀ la fi ń mọ ẹni tó jẹ́. Odidi àárọ̀ lè lọ sórí akọ kan ṣoṣo. Fọ́tò orí fóònù tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ rántí ẹ̀gẹ́. 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ rí kòkòrò aláwọ̀ ewé tó ń fa oje rẹ̀ ní Uganda, òun náà láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó di 1993 kí ọ̀tá rẹ̀, kòkòrò tó ń pa á jẹ tí wọ́n ń pè ní Typhlodromalus aripo, tí wọ́n kó wá láti Brazil, tó wọ oko ẹ̀gẹ́ ní Benin. Inú ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ nìyẹn ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án, alẹ́ ló ń jáde ṣọdẹ lórí ewé. Ká ní wọn ò mọ ẹni tó ń jẹ ẹ̀gẹ́, ibo ni wọn ì bá ti wá ọ̀tá rẹ̀ lọ?

Mo bẹ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ẹ fún àwọn agbaninímọ̀ràn oko ní ìgò kéékèèké àti sípírítì. Kí wọ́n kó kòkòrò tó pọ̀ sínú rẹ̀, kí akọ lè wà níbẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni kí wọ́n fi kọ orúkọ oko àti ohun ọ̀gbìn, torí sípírítì ń fọ yíǹkì bírò. Kí àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè ní Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdí-Ìrókò náà máa yí ewé wo, pàápàá lásìkò ẹ̀rùn.

Mi ò ní máíkírósíkóòpù nílé. Ewé obìnrin yẹn ṣì wà nínú ìgò lórí tábìlì mi, mo ń wá ẹni tí yóò bá wa wò ó.

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ kan, Ìbàdàn