Òṣùwọ̀n inú àpótí gíláàsì

Giessen, Jámánì

Bùnmi mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Dámiláre ti wọ iléèwé, òtútù ti dé, owó ilé tún ti gbẹ́nu sókè. Ara wa le.

Ohun tí mo rí lánàá kò jẹ́ kí n sùn. Mo dé láàbù Liebig, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Jámánì yẹn! Ọmọ ọdún 21 ni nígbà tó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbí ní 1824, ibẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́ títí di 1852. Wọn ò wó o. Láti 1920 ni wọ́n ti sọ ọ́ di mùsíọ́mù.

Bùnmi, mo fojú ara mi rí Kaliapparat. Gíláàsì tín-ínrín tí wọ́n tẹ̀ ní onígun mẹ́ta, tó wú rogodo lójú márùn-ún bí ìlẹ̀kẹ̀. 1831 ni Liebig gbé e jáde. Wọ́n á jó ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò pọ̀ mọ́ kọ́pà ọ́ksáìdì, wọ́n á kọ́kọ́ gba omi kúrò nínú èéfín rẹ̀, kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì á wá máa fi ìfófòó gba inú gíláàsì náà kọjá, omi pọ́táàṣì tó wà níbẹ̀ á sì gbé e mì. Ẹbí omi eérú tí Màmá fi ń se ọṣẹ dúdú ni! Wọ́n á wọn gíláàsì náà ṣáájú, wọ́n á tún un wọ̀n lẹ́yìn. Ohun tó fi wúwo sí i ló ń sọ iye kábọ́ọ̀nù.

Orí òṣùwọ̀n ni gbogbo ọgbọ́n yẹn dúró lé. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi, torí mo gbọ́ ohùn Bàbá Láàbù iléèwé wa: “Ẹ fi ẹ̀mú mú òkúta ìwọ̀n! Ẹ má fi ọ̀rá ọwọ́ yín purọ́ fún mi.” O rántí ọjọ́ tí òjò ká wa mọ́bẹ̀?

Túndé pè mí. Ó ní wọ́n fẹ́ kó sítọ́ọ̀ iléèwé wa dànù kí sáà yìí tó parí, pé àwọn tó ń ra irin kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ti wá wò ó. Òṣùwọ̀n wa wà níbẹ̀, Bùnmi, nínú àpótí gíláàsì rẹ̀.

Jọ̀ọ́, yà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá ní kí o rà á, rà á, màá fowó ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí o tó gbé e, yí kọ́kọ́rọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ọ̀pá rẹ̀ lè sinmi, kí o sì yọ àwo méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Má jẹ́ kí ọlọ́kadà gbé e o.

Èmi ni,
Yétúndé