Olóòtú, wáìnì nìkan kọ́ ló wà lọ́nà Reims sí Laon

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Mo ka ojú ewé ìrìn àjò tẹ́ ẹ gbé jáde nípa kẹ̀kẹ́ gígùn ní ìgbèríko Faransé, láti Reims lọ dé Laon, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà o, kì í ṣe Márúwá. Inú mi kọ́kọ́ dùn torí mo mọ ọ̀nà yẹn dáadáa, London níbí la ti máa ń gbéra, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi, a ó gbé kẹ̀kẹ́ wọ fẹ́rì ní Dover, a ó sọ̀ sí Calais, ó di inú reluwé, ó di Reims. Àmọ́ ẹ má bínú, nígbà tí mo kà á tán inú bí mi díẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ wáìnì ṣàǹpéènì, ẹ sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní Reims, ẹ tiẹ̀ sọ irú wàràkàṣì tí wọ́n ń jẹ, ìgbà tó wá kan ọ̀rọ̀ ogun ẹ ní Ogun Àgbáyé Kìíní jà níbẹ̀, ẹ bá kọjá lọ. Ìwé ìròyìn Yorùbá mà ni yín! Àwọn ará wa ṣòfò sórí òkè yẹn, ẹ ò sì dárúkọ wọn rárá.

Òkè tí mò ń wí ni Chemin des Dames. Ó gùn gbọọrọ bí ẹ̀yìn ẹja, nǹkan bí 30 kìlómítà, odò Aisne wà lápá kan, odò Ailette wà lápá kejì, títì sì gba orí ẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá wà lókè á máa rí ẹni tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ìdí nìyẹn tí àwọn Jámánì fi tẹ̀dó síbẹ̀ láti September 1914, tí wọ́n gbẹ́ yàrà, tí wọ́n ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún, tí wọ́n to ìbọn arọ̀jò ọta sẹ́nu ihò. Nígbà tó di 16 April 1917, Ọ̀gágun Nivelle, olórí ọmọ ogun Faransé, ní káwọn sójà ẹ̀ gun òkè náà lọ bá wọn, ó ní láàárín wákàtí 24 sí 48 àwọn á ti já ìlà ogun Jámánì kọjá. Yìnyín ń bọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn sójà aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tí wọ́n tì síwájú, ọ̀gágun tó ń darí wọn, Mangin, ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún Faransé pé Áfíríkà ló yẹ kí wọ́n ti lọ kó ọmọ ogun. Ọwọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ti kú fún òtútù, òmíì ò tiẹ̀ lè di ìbọn mú dáadáa mọ́, bí wọ́n ṣe gun òkè lọ nìyẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú tàbí tó fara gbọgbẹ́. Blaise Diagne tó ń ṣojú Senegal nílé aṣòfin Faransé bínú, ní June 1917 ó dìde láàárín wọn, ó ní wọ́n kó àwọn èèyàn òun lọ pa ni. Wọ́n ti yọ Nivelle nípò nígbà yẹn, Pétain ti gba ipò ẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ló kan Yorùbá níbẹ̀, ṣé Senegal ni wá ni? Àwọn Faransé fúnra wọn ló dá rúdurùdu yẹn sílẹ̀. Gbogbo sójà tí wọ́n kó ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ó lé ní 160,000 nígbà ogun yẹn, Tirailleurs Sénégalais, ìyẹn sójà oníbọn Senegal, ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, bóyá Bambara ni ẹ́ o, bóyá Mossi ni ẹ́ o, bóyá ọmọ Dahomey ni ẹ́. Dahomey sì rèé, òun ni Benin òde òní, ibẹ̀ ni Kétu wà, ibẹ̀ ni Sakété wà, Pobè àti Sábẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìyá ìyá mi, ọmọ Kétu ni wọ́n, wọ́n máa ń sọ ọ́ fún wa pé tí abúlé bá ti gbọ́ pé àwọn Faransé ń bọ̀ wá kó ọmọkùnrin, ṣe ni tọmọdé tàgbà máa ń di ẹrù lóru tí wọ́n á gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ lọ, ọ̀dọ̀ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, torí ẹbí wà níbẹ̀, ààlà yẹn òyìnbó ló là á, kì í ṣe àwa. Àwọn Ọ̀họ̀rí, Yorùbá agbègbè Pobè, ò tiẹ̀ sá ní tiwọn, wọ́n kojú Faransé níbọn níbọn. Àwọn tí ọwọ́ wá tẹ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n kó wọn sí lọ sógun tí wọn ò mọ̀dí ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí gan-an ni pé ọ̀nà tẹ́ ẹ yà sínú máàpù yín yẹn, ó yẹ kẹ́ ẹ tún un yà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tọ́ wáìnì wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Parc de Champagne nínú Reims, ère àwọn sójà dúdú wà níbẹ̀, àwọn tó gbèjà ìlú Reims ní 1918. 1924 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e dúró, nígbà tí àwọn Jámánì tún padà wá ní 1940 wọ́n hú u kúrò, 2013 ni wọ́n tó ṣe òmíràn bíi ti tẹ́lẹ̀. Sójà dúdú mẹ́rin ló yí ọ̀gá òyìnbó kan ká, ọwọ́ ọ̀gá òyìnbó yẹn náà sì ni àsíá wà. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, ẹ̀yin náà ẹ lọ wò ó.

Látibẹ̀ ẹ bọ́ sẹ́bàá kànáàlì, ọ̀nà tó tẹ́jú ni, kò sí mọ́tò, ẹ máa fẹsẹ̀ wà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí dé Berry-au-Bac. Ibẹ̀ ni Faransé ti kọ́kọ́ lo táǹkì lójú ogun, ọjọ́ 16 April yẹn náà ni, èyí tó pọ̀ nínú wọn jóná tàbí kó rì sẹ́rẹ̀, òkúta ìrántí wọn wà ní oríta lẹ́bàá títì ńlá. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ torí tírélà ń sáré gan-an. Lẹ́yìn náà ẹ yà sí Pontavert, ẹ gba Craonnelle, ẹ wá kọjú sí òkè.

Ibí yìí ni kẹ̀kẹ́ ti ju mọ́tò lọ pátápátá. Ẹni tó wa mọ́tò gba orí òkè yẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, á ní ṣé òkè kékeré yìí náà ni wọ́n ń pariwo ẹ̀, òótọ́ sì ni, kò ga lójú ẹni tó ti dé Ìdànrè rí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń wa kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ so báàgì mọ́ ọn tọ̀tún tòsì, láti Craonnelle sókè lọ sí Plateau de Californie, ẹ máa lọ sí jíà tó rọ̀ jù, itan yín á máa gbóná, ẹ máa wojú òkè ẹ máa rí i pé kò síbi tí èèyàn lè sá pamọ́ sí. Nígbà yẹn ló máa yé yín ohun tí wọ́n ní káwọn ọmọ yẹn ṣe, nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, tí ọta ń rọ̀ sí wọn lórí. Mi ò tíì rí ìwé tó ṣàlàyé ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún mi.

Abúlé Craonne àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè yẹn, kò sí ilé kankan níbẹ̀ mọ́, igi ni wọ́n gbìn síbẹ̀, ilẹ̀ wú síbí ó jin sọ́hùn-ún, ojú àgbá ni gbogbo ẹ̀. Ìlú tuntun wà nísàlẹ̀. Abúlé Ailles ò tiẹ̀ padà wá ní tiẹ̀, wọn ò tún un kọ́ mọ́. Tẹ́ ẹ bá dé Hurtebise ẹ máa rí ère sójà méjì, ìkan ti ayé Napoleon torí òun náà jà níbẹ̀ ní March 1814, ìkejì ti ogun 1914, ilẹ̀ yẹn kàn fẹ́ràn ogun ni jàre.

Caverne du Dragon ò jìnnà síbẹ̀, ihò tí wọ́n ti ń wa òkúta ìkọ́lé láyé àtijọ́ ni, àwọn Jámánì sọ ọ́ di ibùgbé, wọ́n fa iná sí i, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì sí i, wọ́n ṣe ibi ìtọ́jú aláìsàn síbẹ̀. Mùsíọ̀mù ni báyìí. Ẹ wọ súwẹ́tà o, inú ẹ̀ tutù kódà nígbà ooru, òógùn kẹ̀kẹ́ á sì gan mọ́ yín lára. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó wọlé, àwọn ère igi dúdú kan dúró níta, mẹ́sàn-án ni wọ́n, wọ́n ga, igi tí wọ́n fi iná jó ni, wọn ò lójú wọn ò lẹ́nu. Christian Lapie ló ṣe wọ́n, 2007 ni wọ́n gbé wọn síbẹ̀ fún àwọn sójà Áfíríkà. Ibẹ̀ ni mo máa ń pẹ́ sí jù.

Ní Cerny, ìtẹ́ òkú Faransé àti ti Jámánì jọ fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ẹ bọ́ọ́lẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ẹ fi sẹ́nu géètì. Mo ti rí àwọn kan tí wọ́n wà á wọ àárín sàréè tí wọ́n ń ya fídíò, ìwà burúkú ni. Láti Cerny ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì Ailette, adágún omi wà níbẹ̀, ó dáa fún ìsinmi, Laon wá kù lókè lọ́hùn-ún.

Àwọn nǹkan tẹ́ ẹ gbàgbé láti kọ náà nìyí: atẹ́gùn orí òkè yẹn kì í ṣeré, oko àlìkámà àti bíìtì ló pọ̀ jù, igi ò tó nǹkan. Abúlé ibẹ̀ kéré, ẹ lè wa kẹ̀kẹ́ fún wákàtí méjì kẹ́ ẹ má rí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, pàápàá lọ́jọ́ Sunday, torí náà ẹ gbé omi àti búrẹ́dì dání láti Reims. Tẹ́ ẹ bá rí irin tó dípẹtà létí oko, ẹ má fọwọ́ kàn án o, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣì ń tú ọta àgbá tí ò tíì bú jáde nínú ilẹ̀ dòní.

Kẹ́ni tó fẹ́ lọ tó gbéra, kó kọ́kọ́ wọ ìkànnì ìjọba Faransé tó ń jẹ́ Mémoire des hommes, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n kọ orúkọ àwọn sójà tó kú nínú ogun yẹn síbẹ̀, ìlú tí wọ́n bí wọn sí àti ibi tí wọ́n kú sí. Ẹ fi Dahomey wá a, kẹ́ ẹ sì máa ṣe sùúrù pẹ̀lú sípẹ́lì torí bó ṣe dún létí akọ̀wé òyìnbó ló ṣe kọ ọ́, Kétu lè di Ketou, Sábẹ̀ lè di Savé. Tí ìdílé kan bá wà ní Kétu tàbí Ìmẹ̀kọ tó ní ìwé tàbí fọ́tò bàbá àgbà tó lọ sógun yẹn, ẹ jọ̀ọ́ Olóòtú, ẹ fún wọn láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí wọ́n sọ ọ́, èmi á dúpẹ́.

Òǹkàwé yín láti London