Àkànní, owó ta ni?

Àkànní ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo pè ẹ́ títí kò lọ, nígbà tó wá lọ, o ò gbé e. Kí ni mo ṣe fún ẹ?

Ilé wà o. Wọn ò mú iná wá látìjẹta, mo bá gbé ata mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Sùlè tó ní jẹ́n, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé o ti fiṣẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó, pé o ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ará Bẹẹrẹ níbí, pé wọ́n á máa rí 30 lórí 100 lóṣoṣù. Àkànní, owó ta ni?

Àbúrò ẹ ń kàwé JAMB, ó ń ké díkíṣọ́nárì bíi aláàfáà. Lánàá ó kan "cupidity", mo ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìyẹn, ṣebí Cupid ni ọmọ kékeré abìyẹ́ tó máa ń mú ọfà dání lórí káàdì Valentine. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ojúkòkòrò ni, pàápàá ti owó. Ó ní inú èdè Látìn ló ti wá, cupere, kéèyàn máa fẹ́ nǹkan gidi gan-an, ibẹ̀ náà làwọn ará Róòmù ti fún òrìṣà ìfẹ́ wọn lórúkọ. Àwa náà ń fẹ́ ìyàwó, a ń fẹ́ owó. Ara mi bù máṣọ, torí ohun tó o sọ fún mi lọ́jọ́ iléyá nìyẹn: "Màámi, mo kàn fẹ́ ni, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ta ni ò fẹ́? Ṣùgbọ́n owó ta ni? Ṣé ti Ìyá Rìsíkátù ẹlẹ́kọ wà níbẹ̀? Owó ẹni tó dé kẹ́yìn ni wọ́n fi ń san tẹni tó ṣáájú, tẹ́ni tuntun bá tán, owó tán. MMM ọdún 2016 ńkọ́, èyí tó ń san 30 náà, tí wọ́n ti àkáǹtì èèyàn pa lóṣù Dìsẹ́ńbà, ìwọ lo kà á sí mi létí! Ṣé orí ẹ pé báyìí?

Èmi náà kúkú ni. Gbogbo ìgbà tó o bá wálé ni mo máa ń na ọwọ́ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì iwájú wa yẹn, mo á ní ojúgbà ẹ ló kọ́ ọ, mi ò sì béèrè bó ṣe rówó ẹ̀ rí. Ẹnu mi yìí.

Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ àti iye tó o gbà, kó o máa bọ̀ ní Sátidé. Ìwé ilẹ̀ Mọ́níyà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, a á tà á tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Gbé fóònù mi.

Màámi ni.