Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń tẹ̀lé Bàbá lọ sí Delhi

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé físà ti jáde, tìẹ àti ti Bàbá. Àlùhámídù lílà. Yẹ́lò káàdì rẹ, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ńkọ́? Má kó o mọ́ ẹrù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ ní pápákọ̀ o, ọwọ́ rẹ ni kó wà. Wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọ Íńdíà, abẹ́rẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́wàá lára kí ẹsẹ̀ rẹ tó tẹ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, a ti sọ ọ́ tán lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ọgbà tí mo ti kọ́ yóògà, títẹ ara àti mímí àwọn ará Íńdíà, nígbà tí èmi ni mo tẹ̀lé Bàbá lọ síbẹ̀, ló kù. Nígbà tí mo mẹ́nu bà á lọ́jọ́sí, o ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé yóògà lẹ lọ ń kọ́ nígbà tí wọ́n la àyà Bàbá?” Mo gbọ́ bí ohùn rẹ ṣe rí nígbà tí o sọ ọ́. Mo fẹ́ dá ọ lóhùn dáadáa, mo sì ń kọ ọ́ síta kí ẹlòmíì tó ń tẹ̀lé aláìsàn rẹ̀ lọ sí ọ̀nà yẹn lè rí i kà.

Inú ilé ni ìwọ ti mọ Bàbá ní aláìsàn, níbi tí gbogbo wa ti yí i ká. Delhi yàtọ̀. Ìwọ nìkan ni gbogbo ilé rẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ lo máa bá dókítà sọ̀rọ̀, ìwọ lo máa sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó, ìwọ lo máa gbé ìwé oògùn lọ fún oníkẹ́mísì, ìwọ náà lo máa dá gbogbo ẹbí lóhùn lórí WhatsApp, tí ẹnì kan á fẹ́ mọ ohun tó jẹ, tí ẹlòmíì á fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti yàgbẹ́. Àga gbọọrọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ lo máa sùn sí. Ẹ̀rọ á máa ké lóru, ìwọ á sì máa fi etí ka igbe rẹ̀ lójú oorun.

Ìgbà tí wọ́n gbé Bàbá jáde kúrò ní ICU, yàrá ìtọ́jú àkànṣe, ni mo ṣàkíyèsí pé mi ò mí kanlẹ̀ mọ́. Mo lè máa sọ̀rọ̀ lọ kí èémí ṣàdéédéé tán mi lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Kerala bíi púpọ̀ nínú àwọn nọ́ọ̀sì Íńdíà, wò mí títí, ó wá bi mí pé ìgbà wo ni oòrùn ti kàn mí kẹ́yìn. Mi ò lè dá a lóhùn. Ó ní obìnrin kan wà tó ń kọ́ èèyàn ní yóògà láàárọ̀ nínú ọgbà Lodhi, pé kí n lọ bá a, Bàbá á máa sùn lásìkò yẹn, àwọn sì wà níbẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ Bàbá. Ó ní, “Lọ. Ojú ẹ ti pọ̀ jù lára mi.”

Bí o bá ti kírun Àsùbáà tán, Márúwá ni kí o wọ̀. Bajaj kan náà tí à ń wọ̀ nílé ni, àfi pé aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò ni tiwọn, gáàsì ló sì ń lò. Bí o bá fẹ́ ọkọ̀ ojú irin, wọ Yellow Line, kí o sọ̀ ní Jor Bagh. Wọn kì í gba owó ìwọlé lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà.

Ibojì àwọn ọba ló wà nínú ọgbà náà, kò yẹ kó ya ọ́ lẹ́nu tí o bá débẹ̀. Muhammad Shah, ọba láti ìdílé Sayyid, ni wọ́n sin sábẹ́ ilé onígun mẹ́jọ tí wọ́n kọ́ ní 1444. Ti Sikandar Lodi wà ní apá àríwá, nǹkan bíi 1517 ni wọ́n kọ́ ọ. Mọ́sálásí kan tí wọ́n parí ní 1494 fara ti ilé olórùlé rìbìtì tí wọ́n ń pè ní Bara Gumbad, àwọn àyọkà Kùránì tí wọ́n fín sára ògiri rẹ̀ ṣì ṣeé wò di òní. Mo dúró pẹ́ níwájú wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Khairpur ló wà yí àwọn ibojì náà ká tẹ́lẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ará abúlé kúrò, wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ọgbà ní 1936, wọ́n sì fi orúkọ ìyàwó gómìnà àgbà wọn pè é. Ẹ̀yìn òmìnira ló tó di ọgbà Lodhi. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí pé orí ilẹ̀ tí wọ́n lé àwọn kan kúrò ni mo ti rí ìsinmi. Mo máa ń ṣe àdúà fún wọn kí n tó tẹ́ ẹní.

Dóńgóyárò wà níbẹ̀, èyí tí Màámi máa ń sè fún ibà. Ilẹ̀ Íńdíà ni igi yẹn ti bá wa dé. Ọ̀kẹ́rẹ́ onílà ń sáré gun igi, àwòdì ń yí lókè ju bí o ṣe lè rò lọ nínú ìlú ńlá bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá àgbàlagbà ń rìn kánkán, àwọn kan jókòó lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín pọ̀ gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá. Kò sẹ́ni tó máa wò ọ́.

Dídì ni gbogbo wọn ń pe obìnrin náà, bí àwa ṣe ń pe èèyàn ní ẹ̀gbọ́n, òun ni èmi náà ń pè é. Ó ju mí lọ díẹ̀. Mo ní èmi nìkan ni mo fẹ́ kọ́, mi ò fẹ́ wà láàárín èrò, ó gbà, a sì sọ iye owó rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ṣòkòtò fẹ̀ǹfẹ̀ àti bùbá gígùn tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń wọ̀ ni mo rà, híjáàbù mi wà lórí mi, kò sì dí mi lọ́wọ́ rárá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, dídúró ló ní kí n dúró. Kí n sún ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra, kí n máa wò ó bóyá gìgísẹ̀ ni mo gbé ara lé ni tàbí ọmọ ìka. Ó wá gbé ọwọ́ lé èjìká mi méjèèjì, ó sì tẹ̀ wọ́n sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àbúrò mi, èjìká mi ti gun òkè dé ìsàlẹ̀ etí, mi ò sì mọ̀. Mo ti ń gbé e kiri bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ Bàbá lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí ó ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni ẹkún bọ́ lójú mi. Dídì ò bi mí léèrè nǹkan kan, ó kàn fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tó wúlò fún mi jù ni mímí. O máa jókòó, ẹ̀yìn rẹ á nà. O máa fi àtàǹpàkò ọ̀tún dí ihò imú ọ̀tún, kí o fa èémí sínú láti apá òsì. Lẹ́yìn náà, fi ìka tó tẹ̀lé ìka tó kéré jù dí òsì, ṣí ọ̀tún, kí o sì mí jáde níbẹ̀, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Fà á sínú láti ọ̀tún yẹn kan náà, kí o dí i, kí o mí jáde láti òsì. Máa yí i bẹ́ẹ̀. Ó ní kí èyí tó ń jáde máa gùn ju èyí tó ń wọlé lọ. Mo bi dókítà Bàbá nípa rẹ̀ nígbà tí mo padà, ó ní òótọ́ ni: bí èèyàn bá fa èémí sínú, ọkàn rẹ̀ á sáré díẹ̀, bí ó bá ń mí jáde, ọkàn á rọra. Ẹni tó bá wá jẹ́ kí ìmíjáde gùn ń fún ọkàn rẹ̀ láàyè láti rọra ni.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ike bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí wọ́n fún Bàbá yé mi. Wọ́n máa ń fún àwọn tí wọ́n la àyà wọn ní ike kan tó ní ihò mẹ́ta, tí bọ́ọ̀lù kékeré wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aláìsàn á fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ kí àwọn bọ́ọ̀lù náà lè gbéra. Ìrora kì í jẹ́ kí ẹni tí wọ́n la àyà rẹ̀ mí kanlẹ̀, bí kò bá sì mí kanlẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró á padé, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á jókòó síbẹ̀, àìsàn míì á bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bàbá kórìíra ike náà. Ó máa ń gbá ìrọ̀rí mọ́ àyà nítorí ikọ́, á sì yí ojú sí ògiri. Èmi náà á máa pàṣẹ pé, “Bàbá, ẹ fà á, nọ́ọ̀sì ti ń bọ̀.”

Lọ́jọ́ kan tí mo ti ọgbà dé, mi ò sọ̀rọ̀. Mo jókòó sí ìdí ibùsùn rẹ̀, mo mí jáde, gígùn, bí Dídì ṣe kọ́ mi. Mo tún ṣe é. Ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi mí. A ń mí bẹ́ẹ̀, ó wá na ọwọ́ sí ike náà fúnra rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kan gbéra. Láti ọjọ́ yẹn, àárọ̀ àárọ̀ la jọ ń ṣe é. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù kẹta gbéra, ó ní, “Ṣé o rí i?” bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun kẹ̀kẹ́. Bí mo bá ti jókòó sínú yàrá yẹn ní gbogbo wákàtí tí Ọlọ́hun dá, mi ò rò pé mà bá ní nǹkan kan láti fún un láàárọ̀ yẹn. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ nìyẹn.

Ní ìparí ẹ̀kọ́, wọ́n máa ní kí o dùbúlẹ̀ gbalaja, kí o tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, kí o pa ojú dé, kí o má mira. Mi ò lè ṣe é. Bí Bàbá ṣe dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà gẹ́lẹ́ nìyẹn nígbà tí wọ́n ń tì í lọ, mo sì wà níbẹ̀ títí ilẹ̀kùn fi padé. Mo sọ fún Dídì. Ó ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, kí n ká ẹsẹ̀ kò, kí n fi apá ṣe ìrọ̀rí, ó sì fi ìborùn rẹ̀ bo ẹsẹ̀ mi nítorí òtútù. Òtútù gidi wà láàárọ̀ oṣù kejì níbẹ̀. Mo sùn lọ. Bí tìẹ náà bá nira, sọ fún un, kì í fi dandan mú èèyàn.

O tún béèrè bóyá kì í ṣe ẹbọ. Ìbéèrè gidi ni. Yóògà ní gbòǹgbò nínú ẹ̀sìn àwọn Híńdù, ẹni tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀ ń tàn ọ́ ni. Nínú ìlànà tí Patanjali, amòye Íńdíà kan, kọ sílẹ̀ láyé àtijọ́, ìpín mẹ́jọ ló ní, ìwà sí ọmọnìkejì ló ṣáájú, gbogbo jíjókòó àti títẹ̀ ara yìí, ìpín kan péré ni. Àwọn onímọ̀ wa náà ò fẹnu kò. Ní 2008, ìgbìmọ̀ fátíwà Malaysia ní kí Mùsùlùmí yàgò fún yóògà tó bá ní àdúrà àti ìjọ́sìn Híńdù nínú. Ní 2017, ìjọba Saudi fọwọ́ sí i bí eré ìdárayá. Ní Íńdíà gan-an, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Àyájọ́ Yóògà Àgbáyé ní 21 oṣù kẹfà 2015, wọ́n yọ ìkíni oòrùn, ọ̀wọ́ ìtẹ̀ ara kan nínú yóògà, kúrò nínú ètò lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí ní àwọn kì í kí oòrùn. Èmi náà sọ fún Dídì pé mi ò ní kí oòrùn, mi ò sì ní pe “Om”, ọ̀rọ̀ mímọ́ àwọn Híńdù. Ojú rẹ̀ ò yí. Ó yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ mi, tìrẹ̀ ló ń ṣe jẹ́ẹ́ kí n tó dé. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn. Bí ọkàn rẹ ò bá ṣì balẹ̀, bi aáfà wa, kí o sì ṣe ohun tó bá sọ; rírìn lásán nínú ọgbà náà á ṣe ọ́ láǹfààní.

Ìwọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ máa ń ru, sọ fún Dídì kí o tó tẹ́ ẹní. Má di èémí sínú, má dorí kodò, má sì ṣe èyí tí wọ́n fi ń fi ikùn ti èémí jáde kíákíá. Má kọ́ Bàbá ní títẹ̀ tàbí nínà kankan láìjẹ́ pé dókítà gbà.

Ìgbà tí oṣù kẹwàá bá ń parí lọ lo máa débẹ̀. Ìgbà yẹn ni àwọn àgbẹ̀ Punjab àti Haryana máa ń dáná sun pòròpórò ìrẹsì, èéfín rẹ̀ á sì pàdé ti ọkọ̀ lójú ọ̀run Delhi. Wo AQI, òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe dọ̀tí tó, lórí fóònù rẹ kí o tó jáde. Bó bá ti kọjá 200, má lọ, ẹ̀yin méjèèjì ẹ jókòó sínú yàrá, kí o mí pẹ̀lú Bàbá níbẹ̀. Kó ike bọ́ọ̀lù mẹ́ta náà dání, ó wà nínú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màámi.

Mo ti fi nọ́ńbà Dídì ránṣẹ́ sí ọ. Bá mi kí i. Sọ fún un pé Bàbá ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ kí Jímọ̀ báyìí, kò sì dúró sinmi lójú ọ̀nà. Bí dókítà bá ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ fáàfù kejì nínú ọkàn Bàbá já sí, èmi ni kí o kọ́kọ́ pè, ì báà jẹ́ òru.

Ẹ̀gbọ́n rẹ